Owó Fàdákà Ọrùn Bila

Owó fàdákà tí Ìyá Bila mú wá kò dún. Ghoumour, ọkọ mi, fi èékánná ta á bó ṣe máa ń ta gbogbo owó àtijọ́ tó bá rà, àmọ́ ńṣe ló dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ojú kan rẹ̀ ṣì hàn kedere: orí obabìnrin ilẹ̀ òkèèrè kan, irun rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ojú kejì ti họ títí ó fi dán bí egungun.

Ní Agadez tiwa létí aṣálẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ ti yọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú irú owó yìí ṣe yẹtí. Láyé àwọn baba ńlá wa, ràkúnmí ló ń rù ú bọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ra iyọ̀, òun ni wọ́n fi ń ra ẹrú. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ iná ni Ghoumour ń wá kiri. Ó lè di ẹyọ kan mú ní gbogbo ọ̀sán, kó máa ro ọwọ́ tó ti gbà á kọjá. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ tí obabìnrin yẹn bá mọ oúnjẹ sè, mo di ẹni ìkọ̀sílẹ̀.

"Mi ò tà á o," ni Ìyá Bila wí. "Bá mi tọ́jú ẹ, kó o fún mi ní jéró díẹ̀. Ọ̀dá ti pa ewúrẹ́ mi tán. Ọrùn ọmọ mi ni mo ti tú u, ó ń sùn lọ́wọ́."

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi padà dé. Etí rẹ̀ kan ti já, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ dé ìbàdí.

"Ghoumour, dá a padà. Nǹkan tó wà nínú ọmọ náà ti dìde. Òun ló ń ti inú lọ́hùn-ún ha ojú owó yẹn."

Ọkọ mi kò gbójú sókè. "Mo ti tà á fún àlejò kan."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Inú láwàní yín ló wà."

Ó gbá mi létí, mo ṣubú lu ìkòkò omi.

Ibẹ̀ ni Bila ti wọlé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Eyín rẹ̀ pupa.

"Bàbá Ghoumour, ẹ ṣeun tí ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ohùn arúgbó ni. Ó nawọ́ sí ọkọ mi, ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò lè kàn án. Ló bá yí sí èmi, ó gbá ọrùn-ọwọ́ mi mú, ó ṣẹ́ ẹ bí igi gbígbẹ.

"Ẹ ju owó náà sí i," mo bẹ ọkọ mi.

Ghoumour fi ọwọ́ méjèèjì di láwàní rẹ̀ mú, ó ń fà sẹ́yìn. Ìyá Bila ló fò mọ́ ọn, tó fi eyín ya aṣọ náà. Owó jábọ́. Mo fi ọwọ́ mi kejì mú un, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà Bila. Ara rẹ̀ jó, ó rùn bí irun ewúrẹ́ nínú iná, ó ṣubú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ so owó náà padà mọ́ ọn lọ́rùn.

Ghoumour jókòó láìborí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú orí lu ògiri, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìsinmi, títí ẹ̀jẹ̀ fi rin ògiri.

A tì í mọ́ yàrá. Gbogbo owó fàdákà inú àpótí rẹ̀ la ti so mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì ń là sí wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹyọ ọrùn Bila yẹn nìkan ni nǹkan tó wà nínú ọkọ ẹ ń gbọ́ràn sí," ni Ìyá Bila sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọrùn ọkọ mi ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí nǹkan náà mú Bila pẹ̀lú, mo ní láti yan ẹnì kan."

"Kí lẹ wá ṣe fún bàbá ẹ̀?"

Ó mú ọmọ odó tí mo fi ń gún jéró, ó sì fi í sí ọwọ́ mi tí kò kán.