Káràtè Kọ́ La Fi Bẹ̀rẹ̀ Káràtè

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Bernice jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní Festac, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Àfi gbì! Nǹkan já lulẹ̀ nínú yàrá. Kò pẹ́, òmíràn tún já.

"Dádì Yétúndé, kí lẹ̀ ń wá? Ẹ má da ilé rú fún mi o!"

Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀ ṣì ń tú àpótí. Nígbà tó jáde, ṣòkòtò káràtè kan tó ti pàwọ̀ dà nínú àpótí ló wọ̀, kò sì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fa bẹ́líìtì búráùn kan yí ikùn ká, àmọ́ etí bẹ́líìtì méjèèjì kọ̀, wọn ò pàdé.

Ẹ̀rín pa Bernice débi pé ẹ̀wà fẹ́ẹ̀ dànù. "Ẹ̀yin náà lẹ wọ eléyìí rí?"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí mò ń wọ̀ ọ́, bí mo bá ju ẹsẹ̀ sókè, gbogbo fèrèsé Avenue wa ló ń ṣí."

"Ẹ bá mi fi píìnì há a jàre, kó má já sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Ẹ má rò pé eré lásán ni bàbá yìí ń ṣe o. Ọ̀rọ̀ ńlá kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bọ̀dá Richard, tó kọ́ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní káràtè nígbà èwe wọn, ti kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó kọ́ ti fẹnu kò pé àwọn á kóra jọ rántí rẹ̀ ní ìparí ọdún. Kátà kan sì wà tí Bọ̀dá Richard tò fúnra rẹ̀. Kátà ni kéèyàn máa ju ẹ̀ṣẹ́, kó máa ju ẹsẹ̀, kó máa dènà, lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ń bá ọ̀tá tí a kò rí jà. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́ kátà yẹn, àwọn kan ti lọ sókè òkun, àwọn kan ti sùn, àwọn tó kù sì ti gbàgbé. Olúṣẹ̀yẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n dé òpin.

Ó ti ṣèlérí fún opó Bọ̀dá Richard pé òun á fi kọ́ àwọn ọmọdé, kó má bàa bá olóògbé wọlẹ̀. Bí òun náà bá lọ lọ́la, ó parí nìyẹn.

Láti ọjọ́ tó ti ṣe ìlérí náà ni Festac àtijọ́ ti ń pe ọkàn rẹ̀. Á jókòó sórí àga, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Festac ìgbà yẹn! Òpópónà mọ́ fónífóní, koríko tútù wà níwájú ilé, gbogbo ọmọ mọ ara wọn. Bí oòrùn bá ti rọ̀, Bọ̀dá Richard á fun fèrè, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amúwo á sì tú jáde lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọmọ ta ni ọ́. Òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, àtẹ́lẹsẹ̀ lórí koríko, ariwo "Hài!" tó ń ró lára ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Olúṣẹ̀yẹ ń rí gbogbo rẹ̀ kedere, ojú rẹ̀ sì máa ń rọ̀.

Abdulbasit ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ Amúwo pọ́ńbélé, ló wá fi mọ́tò gbé e. Àbúrò Abdulbasit obìnrin, Roqeebah, ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní káràtè báyìí ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Raji Rasaki Estate.

"Ṣẹ̀yẹ, ṣé ara á gbà á?" Abdulbasit bi í, ó ń wo ikùn.

"Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e."

"Òótọ́ ni jàre! Bẹ́líìtì búráùn! Kí àwọn ọmọ ìwòyí wá wo nǹkan."

Ẹ wo irú ọ̀rẹ́ tí èèyàn ń ní.

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, Roqeebah kúnlẹ̀ kí wọn. Obìnrin náà kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Láwọn ọdún yẹn, ọmọ kékeré tó ń jókòó sórí garawa tó ń wòran wọn ni.

"Bọ̀dá Ṣẹ̀yẹ, ẹ káàbọ̀ sà. Inú mi dùn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru gbẹ̀yìn?"

"Ṣé ọsibítù ni mo wá ni?"

"Ẹ̀ ń rìn dáadáa ṣá?"

"Mo ní mọ́tò."

Àwọn ọmọ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, àmọ́ Roqeebah kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi jókòó, ẹ kàn wòran lónìí. Tá a bá parí, màá ṣàlàyé bá a ṣe máa ṣe é."

"Èmi? Kí n jókòó wòran? Roqeebah, ìwọ tí a máa ń lé kúrò lórí pápá!"

Ojú ti Roqeebah láti bá ẹ̀gbọ́n jiyàn lójú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, àkókò tó yẹ kó sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Àṣà káràtè ni pé ẹni tí bẹ́líìtì rẹ̀ ga, dúdú tàbí búráùn, ló ń dúró níwájú, àwọn bẹ́líìtì funfun, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á wà lẹ́yìn pátápátá. Olúṣẹ̀yẹ gba àárín wọn kọjá, ó lọ dúró síwájú, píìnì ń dán níkùn rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí gbọ̀ngàn ká kí ara lè gbóná. Kò tíì yí i ká dáadáa tí èémí rẹ̀ ti ń já. Ó fẹ́ dúró, àmọ́ ó rí Abdulbasit tó gbé fóònù sókè tó ń ya fídíò, ló bá tún ki eré mọ́lẹ̀. Wọ́n dé orí ìju-ẹsẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ rántí àwọn fèrèsé tó ń ṣí nígbà náà. Ó pariwo "Hài!", ó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè bó ṣe ń jù ú nígbà èwe.

Nǹkan kan dún lẹ́yìn itan rẹ̀. Ìrora mú un, àyà rẹ̀ fún pọ̀, ojú rẹ̀ ṣú. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Yéè! Ṣẹ̀yẹ! Mo gbé!" Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ Abdulbasit.

Roqeebah ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ má pọ̀ lé e lórí, ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́! Bọ̀dá, ẹ má dìde. Ẹ̀gbọ́n Abdulbasit, ẹ lọ gbé mọ́tò wá, ọsibítù là ń lọ."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lois fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dì í lápá. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Olúṣẹ̀yẹ, ó tún un wọ̀n.

"Sà, ẹ̀jẹ̀ yín ga gan-an. Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"N kò mọ̀. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Orí kó o yọ, ọkàn kò tíì bàjẹ́. Àmọ́ iṣan ẹ̀yìn itan ti ya díẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó lọ sinmi, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ káràtè títí wọ́n á fi tún rí i.

Nígbà tó délé, ó ká ṣòkòtò náà padà sínú àpótí. Bernice bá a lórí ibùsùn, omi wà lójú rẹ̀.

"Ìyá Yétúndé, ó ti tán. Kátà Bọ̀dá Richard á bá mi kú."

Bernice tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ló bà á jù. "Kẹ́ ẹ ṣáà wà láàyè ni tèmi," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kátà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Roqeebah wá kí i, ó gbé ọsàn dání. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó.

"Bọ̀dá, ọ̀wọ̀ yín ló jẹ́ kí n dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú, n ò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ rántí pápá wa?"

"Ṣé mo lè gbàgbé ni?"

"Ẹ sọ fún mi. Kí ni Bọ̀dá Richard kọ́kọ́ kọ́ yín?"

"Ẹ̀ṣẹ́ ni... Rárá." Olúṣẹ̀yẹ gbójú sókè. Ó wo àjà. "Ẹ̀ṣẹ́ kọ́. Omi ló kọ́kọ́ ní ká máa pọn fún ìyá òun."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Ọkùnrin yẹn! Ìgbà tí omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège ni. Garawa lọ́tùn-ún, garawa lósì, a ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òkè pátápátá. A rò pé ó ń fi wá ṣẹrú ni. Lẹ́yìn náà, a ó sáré dé Alákijà, a ó sáré padà. A ó lóṣòó títí orúnkún á fi máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ oṣù ni o, kó tó jẹ́ ká di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá omi sí i lójú. "Abdulbasit máa ń tú omi dà sílẹ̀ lọ́nà kó lè fúyẹ́."

"Kò tíì yí padà," Roqeebah ní. "Bọ̀dá, ìju-ẹsẹ̀ lẹ rántí, ẹ gbàgbé garawa. Káràtè kọ́ la fi bẹ̀rẹ̀ káràtè. Ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ la fi ń lọ. Ọjà, ẹsẹ̀ ni. Ara yín ti gbó sí iṣẹ́ kí bẹ́líìtì tó dé ìdí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ gbé garawa gbẹ̀yìn?"

Olúṣẹ̀yẹ ro ó wò. Ẹ̀rọ ló ń fa omi wọn, mọ́tò ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìkòríta.

"Kí ni ṣíṣe?"

"Ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe sọ. Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda yín, ẹ máa rìn. Ẹ máa yára débi pé ẹ ń mí kíkankíkan, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ máa dìde lórí àga kẹ́ ẹ tún jókòó, láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí itan lè lágbára. Ẹ máa fọwọ́ ti ògiri bí ẹni fẹ́ bì í wó. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kẹ́ ẹ tó na iṣan, ẹ má sì fagbára fà á. Ẹ máa sinmi láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wá bá mi, ẹ ó sì dúró lẹ́yìn pátápátá."

"Pẹ̀lú àwọn bẹ́líìtì funfun?"

"Pẹ̀lú wọn ni, Bọ̀dá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Nígbà tí dókítà yọ̀ǹda, òun àti Bernice bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kì í kọjá ìkòríta. Olúṣẹ̀yẹ á máa nawọ́: ibí ni igi àgbálùmọ̀ wà, ibẹ̀ yẹn ni pápá wa, kó tó di ilé ìtajà. Bernice kò mọ̀ pé òun kò tíì gbọ́ ìdajì ìtàn ìgbà èwe ọkọ òun. Ìrìn wọn ń gùn sí i, èémí ń balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀. Abdulbasit náà lọ ṣàyẹ̀wò tirẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ga. Ló bá dara pọ̀ mọ́ wọn, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.

Ìgbà tí Olúṣẹ̀yẹ padà sí gbọ̀ngàn, bẹ́líìtì funfun ló so, ó sì lọ dúró lẹ́yìn. Ó bá àwọn ọmọ kéékèèké sáré, ó bá wọn lóṣòó. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, á jókòó. Kò tijú mọ́. Lẹ́yìn kíláàsì, á dúró kọ́ àwọn ọmọ náà ní kátà Bọ̀dá Richard, díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ ìrántí Bọ̀dá Richard pé. Gbọ̀ngàn kún, opó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò, bẹ́líìtì dúdú níwájú, Olúṣẹ̀yẹ lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn ọmọdé. Roqeebah wò wọ́n, ó sì ké:

"Gbogbo yín, ẹ kọjú sẹ́yìn!"

Wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà ẹ̀yìn wá di ìlà iwájú. Olúṣẹ̀yẹ ló wá wà níwájú gbogbo wọn.

"Bọ̀dá Ṣẹ̀yẹ, ẹ ṣáájú wa."

Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kátà náà, jẹ́jẹ́. Kò ju ẹsẹ̀ sókè bíi ti àtijọ́, ìbàdí ló fi í mọ, kátà náà kò sì já níbì kan. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí wọ́n jọ pariwo "Hài!" ìkẹyìn, opó Bọ̀dá Richard ti dìde dúró.

"Bó ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn," ó ní, ó ń sunkún. "Olówó orí mi, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ẹ̀yin ará wa, ọmọdé àti àgbà, káràtè, jùdó, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, gbogbo rẹ̀ ló dára fún ara. Àmọ́ ẹ má fi ìrántí ọdún àtijọ́ wọn agbára tòní. Bẹ́ ẹ bá ti lé lógójì ọdún, bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí bó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ṣe eré ìdárayá gbẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹ fi ìrìn bẹ̀rẹ̀, ẹ fún itan, ẹ̀yìn àti apá lágbára, kẹ́ ẹ tó lọ sí kíláàsì. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí ojú bá ń ṣú, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ìtọ́jú. Ìgboyà kọ́ ni kéèyàn fara dà á. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀wọ̀ àgbà dí yín lẹ́nu. Ẹ bèèrè ìlera rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó tò sórí ìlà.

Bẹ́ ẹ bá sì ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ara tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.