Àlejò Aago Mẹ́rin

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè nínú ilé wa fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo rí lójú fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Latifah. Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì sì wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tèmi wà lókè. Òdo ló wà níwájú tèmi.

Èmi ni Grace Abọ́dẹrìn, ọmọ bíbí ìdílé Abọ́dẹrìn ní Ìkàrẹ́. Ilé méjì ni ìdílé wa ní, ọ̀kan ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan ní Ìwàrọ̀ Ọ̀kà. Ẹlòmíràn nínú wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn ń kírun, ṣùgbọ́n baba ńlá kan náà ló bí gbogbo wa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní kí a gbé ìtàn ìdílé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó má bàa parun. Akínlọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti dolóògbé, ló ṣe ìkànnì náà tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni, ó ti lé lógójì ọdún, kì í ṣe aláròká. Mo sọ ìtàn fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì pín in sí apá mẹ́fà. Memunat, ọmọ àbúrò bàbá wa, sọ tirẹ̀ láti Ọ̀kà. Ìpàdé ẹbí wá pinnu pé èyí tí àwọn ènìyàn bá ń kà jù títí di oṣù Dìsẹ́ńbà ni a máa tẹ̀ síwèé, orúkọ ẹni tó sọ ọ́ ni yóò sì wà lára èèpo ìwé náà.

N kò ní tàn yín, mo jowú Memunat. Kò jókòó ní kíláàsì rí. Èmi parí sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí a lè ka àwọn ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ lórí ìka. Síbẹ̀, bí Memunat bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á yí i ká, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wọ́n. Bí èmi bá ń sọ̀rọ̀, wọn á tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó. Nítorí náà ni inú mi ṣe ń dùn ní gbogbo Sátidé, nígbà tí Akínlọ́lá bá fi iye àwọn tó ṣí ojú ewé wa ránṣẹ́. Memunat á ní àádọ́rùn-ún. Èmi á ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta. Mo máa ń gbé fóònù náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo pe Akínlọ́lá.

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Àwọn tí ìkànnì wa wà lọ́dọ̀ wọn ló pààrọ̀ sọ́fútíwíà ẹ̀rọ wọn ní Túsìdé. Gbogbo yín lẹ di òdo. Mọ́mì Ọ̀kà náà di òdo."

"Ta ló wá kọ Latifah síbẹ̀?"

"Èmi náà fẹ́ bi yín ni. Ta ní ń jẹ́ Latifah?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Ní Mọ́ńdè mo lọ bá a nílé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìlà kéékèèké ń sáré lójú rẹ̀ bí èèrà. Ó rí i pé kò yé mi.

"Ẹ ronú màígádì tó ń kọ orúkọ àlejò sínú ìwé," ó ní. "Wọ́n gba màígádì tuntun. Ìyẹn ra ìwé tuntun, ó gbé e sí yàrá mìíràn, ó sì ń kọ aago ṣáájú orúkọ. Ẹ̀rọ tó ń ka iye àlejò fún wa ṣì ń ṣí ìwé àtijọ́. Òfo ló ń bá níbẹ̀. Mo máa fi ìwé tuntun hàn án, mo máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, á sì tún gbogbo rẹ̀ kà láti Túsìdé."

"Kí ló dé tí ẹnìkan fi ní nọ́ńbà?"

"Màígádì àtijọ́ kì í kọ ẹni tó bá béèrè yàrá tí kò sí nínú ilé. Èyí tuntun ń kọ ọ́, inú ìwé àtijọ́ yẹn ló sì ń kọ ọ́ sí. Ẹnìkan ń wá ojú ewé Latifah, bí ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Mọ́mì, kò sí ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sí i rí."

"Níbo ni onítọ̀hún wà?"

Ó na ìka sí ibì kan lójú kọ̀ǹpútà. "Ibí ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìlà kékeré kan ni wọ́n fà síbẹ̀."

Mo wo ìlà náà. Ó kéré bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo.

Mo ti parọ́ fún ọmọ náà. Mo mọ Latifah. Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Nínú ìdílé wa, ẹnìkan ṣoṣo ni à ń kó ìtàn ilé lé lọ́wọ́ nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Bí onítọ̀hún bá sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú ẹbí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé, "Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ?" Kí ó tó dárúkọ ẹni náà, kò gbọdọ̀ la ẹnu sí ìtàn. Latifah ni ìyá àgbà wa yàn. Èmi tó mọ̀wé, èmi tó ń wọ bàtà lọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Latifah pé ọmọ ogún ọdún, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. Ó ní kí n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù wá. Ní gbogbo aago mẹ́rin tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òun á máa sọ, èmi á máa kọ. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó máa ń sọ ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó rántí èyí tó kàn.

"Grace," ó ní, "ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́, dárúkọ mi o. Mi ò bímọ. Ẹnu ẹ nìkan ni mo kù sí."

Mo ní màá dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo bá bàtà tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kò tó ọdún kan tí ìyá àgbà náà fi tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹbí pé jọ tí wọ́n sì bi mí, mo ní, "Lẹ́nu ìyá àgbà." Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò já mi nírọ́?

Ẹnìkan ṣoṣo tó wà láyé tó tún lè mọ orúkọ yẹn ni Memunat. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé òun ni. Ó ti rí i pé mo ń borí, ó wá ní kí àwọn ọmọ ilé máa tẹ orúkọ òkú láti fi dẹ́rù bà mí. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà ní Túsìdé. Oòrùn ń ràn lórí àpáta, ìlú gbóná bí ààrò. Mo bá Memunat níwájú ilé tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi dé," ó ní. "Ẹ jókòó, ẹ má ì tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi ná, kẹ́ ẹ lè ríhun fi gbé ìbínú mì."

"Ìyá Ìbráhìm, ta lo ní kó máa tẹ Latifah lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ lábẹ́ ìró. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, ó fi rọ́bà dì í láàárín kó má bàa tú.

"Eléyìí ò mọ ju kó dún lọ. Èmi tí mi ò mọ álífì, báwo ni mo ṣe máa kọ Latifah?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí Latifah ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá mi lọ ṣòwò. Mo ní kí wọ́n ka ìtàn yín fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀. Mo sọ pé ó ní láti jẹ́ pé ó ṣì ń dùn yín ni. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú egbò."

Ó bu omi fún mi. N kò lè mu ún. Àánú rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Obìnrin náà tún fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Akínlọ́lá pè mí ní Tọ́sìdé pé òun ti tún ẹ̀rọ tó ń ka àlejò náà ṣe. Nígbà tí mo débẹ̀, kò dìde kí mi bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì. Aago mẹ́rin kù díẹ̀."

A jókòó. N kò bi í pé kí la ń dúró dè. Nígbà tí aago lù, ìlà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Latifah, kò sí. Lẹ́yìn náà, apá kìíní ìtàn mi ṣí. Ó dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè kà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Apá kejì. Apá kẹta. Apá kẹrin. Apá karùn-ún. Ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Latifah, kò sí. Apá kìíní.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́," Akínlọ́lá sọ jẹ́jẹ́. "Àwa rò pé ènìyàn púpọ̀ ni. Ẹnìkan ni. Mo padà sínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, láti ọdún méjì ló ti ń bọ̀. Apá márùn-ún. Kò ṣí apá kẹfà rí, kò sí ọjọ́ kankan."

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi lórí itan. Àwọn ìka mi ti ká jọ, bí ìgbà tí ènìyàn di pẹ́ńsùlù mú.

Apá márùn-ún ni Latifah sọ kó tó kú. Èmi ni mo hun apá kẹfà. Ìtàn bí ilé méjèèjì ṣe pínyà ló yẹ kó wà níbẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù mi, mo sì kọ ọ́ pé àgbà ni ilé Ìkàrẹ́, àbúrò ni ti Ọ̀kà. Ẹbí ti gbà á bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ti Ọ̀kà ń dìde fún wa lórí ìjókòó nítorí rẹ̀. Kò sí alààyè kankan tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Latifah parí sí.

"Ọ̀nà méjì ló wà," Akínlọ́lá ní. "Mo lè yọ àlejò yìí kúrò nínú iye. Bí mo bá yọ ọ́, mọ́kànlá lẹ máa ní lọ́sẹ̀, Mọ́mì Ọ̀kà ló máa borí. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí n ṣe ojú ewé kan fún orúkọ tó ń béèrè. Bóyá bó bá rí i, á sinmi."

Bí ó bá sinmi, mọ́kànlá náà ni màá ní. Àti pé kí ni a óò kọ sí ojú ewé náà? Pé lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ?

"Fi sílẹ̀ bó ṣe wà," mo ní.

"Mọ́mì. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ni, kò tún bi mí.

Ní Dìsẹ́ńbà, ẹbí pé jọ sí Ọ̀kà. Wọ́n ka iye wa jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní èmi ló ni ìwé. Wọ́n ní kí n sọ díẹ̀ nínú ìtàn náà fún àwọn ọmọ. Memunat ló dìde láti bi mí. Ó wò mí lójú bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Bí mo bá dárúkọ yẹn, wọn á béèrè ìdí tí mo fi pa á mọ́, àti ohun mìíràn tí mo pa mọ́.

"Lẹ́nu ìyá àgbà," mo ní.

Memunat jókòó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi túká.

Ní Wẹ́sìdé tó tẹ̀ lé e, Akínlọ́lá pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé mo ní láti lẹ fóònù mọ́ etí.

"Mọ́mì, àlejò aago mẹ́rin yẹn. Kò béèrè Latifah lónìí. Kò ka apá kìíní, kò ka ìkejì. Tààrà ló lọ sí apá kẹfà."

"Ṣé ó ti jáde?"

"Kò tíì jáde."

Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Mo ń pè é láràárọ̀, èsì kan náà ló ń fún mi. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ti fi èèpo ìwé ránṣẹ́ sí mi, orúkọ mi tóbi lára rẹ̀, ó sì rẹwà. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní sọ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn náà, apá kẹfà nìkan ló ti inú orí tèmi jáde, láìsí ohùn Latifah níbẹ̀. Bí ó bá kà á tán, tí ó sì wọlé tọ̀ mí wá, n kò ní bẹ̀ ẹ́. Ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni bóyá tèmi dùn tó tirẹ̀.