Àpò Ẹ̀wà Tí Doña Eduvigis Ń Gbé Jáde

Ní àdúgbò wa ní ìlú Baní, ìyá tó bá ní ọmọ ní New York kì í gbé nǹkan. Bí ará àdúgbò bá rí korobá omi lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ni wọ́n máa bú. Ìdí nìyí tí Nereida, aládùúgbò mi tí àwọn àbúrò rẹ̀ wà ní New York, fi gbé ìyá rẹ̀, Doña Eduvigis (Doña là ń fi bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà), jókòó sórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn. Kọfí, orí àga. Oúnjẹ, orí àga.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àga ṣófo. Àpò kéékèèké méjì tí ẹ̀wà pupa wà nínú wọn ò sí ní ilé ìdáná mọ́. Nereida sáré wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Nọ́ọ̀sì tuntun ilé ìwòsàn yẹn ti sọ ìyá mi di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ti ń fura. Tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, òógùn máa ń bò wọ́n."

"Ṣebí ó ní ọ̀fẹ́ ni òun ń tọ́jú àwọn àgbà?"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. A sáré dé àgbàlá ilé ìwòsàn. Doña Eduvigis rèé, àpò ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó.

"Màámi, ẹ gbé e sílẹ̀! Nọ́ọ̀sì, ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni?" Nereida ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Yocasta, nọ́ọ̀sì tuntun náà, ò bínú. "Ta ló ń gbé wọn dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Èmi ni. Kí ló kàn ọ́?"

"Kí ẹ tó ra àga yẹn ńkọ́?"

Nereida ní, "Wọ́n máa ń dá dìde nígbà yẹn."

"Iṣan tí a ò bá lò, ńṣe ló ń joro. Ìṣubú ló máa ń tẹ̀ lé e. Àpò ẹ̀wà yìí la fi ń mú iṣan wọn lágbára."

"Ta ló mọ̀ bóyá irọ́ lò ń pa?"

Doña Eduvigis gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n sì dìde láìdi nǹkan kan mú. "Nereida, ojú ń tì mí tó o bá ń bá mi fa yẹ̀rì sókè. Ìyá rẹ ni mí, mi ò kì í ṣe ọmọ ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Nereida nu ojú, àmọ́ ó ṣì yọjú wo inú àpò bóyá ẹ̀wà rẹ̀ dín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kẹ́ àgbà títí ẹsẹ̀ wọn á fi rọ. Ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ elétò ìlera, kí wọ́n fi gbígbé ohun tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì wọ́n. Bí òòyì bá kọ́ wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, kí wọ́n ṣíwọ́. Kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ dá ṣe. Doña Eduvigis ò béèrè ju kí àwọn dá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí àwọn sì ti ilẹ̀kùn.