Ta Ló Nu Ọkọ̀ Akínlẹ́yẹ?

Iwájú ọkọ̀ náà ti wó wọnú bí ẹnu arúgbó tí kò léyín mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán. Ohun tí Ìsípẹ́kítọ̀ Fẹ́yìsetán kọ́kọ́ rí nìyẹn láàárọ̀ Àbámẹ́ta, nígbà tí ó fọwọ́ ti orúnkún tó ń dùn ún, tí ó bẹ̀rẹ̀ wo ọkọ̀ eré-ìje pupa tí wọ́n wọ́ wá sí ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ní Adó-Èkìtì. Ẹrẹ̀ kòtò gbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀, eruku ọyẹ́ bo gíláàsì. Àmọ́ ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ tónítóní.

"Àwo tó ti fọ́, ta ní í tún un fọ̀?" Ó bi ara rẹ̀. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Akínlẹ́yẹ, ọmọ Adó tó gbé ọkọ̀ náà ti Àbújá wálé, wà á lọ sí Ìyìn-Èkìtì. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú, ọkọ̀ sì lọ forí sọ afárá. Títí di àárọ̀ yìí, Akínlẹ́yẹ kò tíì lajú nílé ìwòsàn. Ilésanmí, mẹkáníìkì àdúgbò Òkè-Ìlá tó ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì náà ní Ọjọ́rú, ti wà ní àtìmọ́lé. Ayọ̀kúnlé, ìbátan Akínlẹ́yẹ tó ń bá a tọ́jú ọkọ̀, ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá pé bàbá náà fi ayédèrú ohun èlò bíréèkì rọ́pò ojúlówó. Lọ́jọ́ Ajé, kóòtù ni. Bí Akínlẹ́yẹ bá sì kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ni.

Wọ́n mú Ilésanmí jáde. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ọ̀rá dúdú ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi tí ọṣẹ kò lè ká a mọ́.

"Bàbá, ṣé ayédèrú lẹ fi sí i?"

"Màdáámù, mi ò rọ́pò nǹkan kan. Mo tú u, mo nù ún, mo dè é padà. Ẹ lọ wo nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀. Èyí tí mo bá ti dè, mo máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí rẹ̀ dé ara rímù. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u lẹ́yìn mi, ìlà ò ní bára mu mọ́. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Iléṣà nìyẹn."

"Kí ló wá dé tí kò fi mú?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé àárín ẹ̀fọn ni mo máa sùn?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Díìsì bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe irin, bí ìkòkò ni wọ́n ṣe sun ún. Bí epo bá kàn án, á mu ún bí ìkòkò tuntun ṣe ń mu omi, kò sì ní gbá mú mọ́. Mo sọ fún Ayọ̀kúnlé nígbà tó wá gbé e pé ohun ọlọ́ràá kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Àfi bó ṣe di pé mo jẹ́ oníjìbìtì! Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

Fẹ́yìsetán padà sídìí ọkọ̀. Ìlà funfun bára mu lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà ara díìsì bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ṣùgbọ́n rímù náà ṣí sílẹ̀ bí àwọ̀n, ìka ènìyàn lè gba àárín rẹ̀ dé ara díìsì. Ó fi ìka kàn án. Ó ń yọ̀. Ó gbé ìka náà sí imú: kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Òórùn dídùn òróró tó wà nínú ìgò kékeré inú báàgì tirẹ̀ ni, èyí tí wọ́n gbàdúrà sí fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ṣí ìdérí ibi tí a ń bu epo sí. Nínú ibẹ̀, eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró, ó ya àgbélébùú kan, tó fẹ̀ tó àtàńpàkò.

"Olúwa, ṣàánú," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí Fẹ́yìsetán dé ilé wọn, ìyá Akínlẹ́yẹ jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, nínú aṣọ funfun, ètè rẹ̀ ti gbẹ nítorí ààwẹ̀. Ayọ̀kúnlé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wọ ulé, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti rán yín ní nǹkan láti ọ̀dọ̀ dókítà?"

"Rárá, Màmá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí Akínlẹ́yẹ tó jáde lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ gbàdúrà fún un?"

"Màdáámù, Màmá ń gbààwẹ̀," Ayọ̀kúnlé já lu ọ̀rọ̀, "ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi—"

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

"Há! Ṣé n ó jẹ́ kó gun irú ẹfúùfù yẹn jáde lásán ni?" Ìyá gbé orí sókè. "Mo kì í: Àjàmú ọmọ olókè, ọmọ afàpáta ṣe ìrọ̀rí, má fẹsẹ̀ kọ. Mo sàmì àgbélébùú sí gbogbo ara ọkọ̀. Mo da òróró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹsẹ̀ ní í gbéni débi ire. Ayọ̀kúnlé yìí ló bá mi di ìgò mú."

Fẹ́yìsetán yíjú sí ọmọkùnrin náà.

"Kí ni Ilésanmí sọ fún ọ nígbà tí o lọ gbé ọkọ̀?"

"Kò sọ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ ló fún mi."

"Kí ló dé tí o fi nu ọkọ̀ tó ti fọ́?"

"Ta ló ní mo nù ún?"

"Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n gbé Akínlẹ́yẹ lọ sílé ìwòsàn, ìwọ nìkan lo dúró ti ọkọ̀ títí ọlọ́pàá fi dé." Kò gbé ohùn sókè, kò lágbára rẹ̀. "Gbọ́, Ayọ̀kúnlé. Kò sẹ́ni tó tú táyà yẹn lẹ́yìn Ilésanmí. Ojúlówó ni díìsì. Òróró ló gba àárín rímù wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ pé òróró ń ba bíréèkì yẹn jẹ́, kò ní nu àmì àdúrà kúrò lára ọkọ̀. Àmì yẹn ni ìbá fi máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ṣì wà. Ìwọ nù ún nítorí pé o mọ̀. Ta ló lè sọ fún ọ bí kì í bá ṣe Ilésanmí? O nu gbogbo rẹ̀ tán, o gbàgbé abẹ́ ìdérí epo."

Ayọ̀kúnlé rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ni mí, tí n ó ní kí ìyá tó ń gbàdúrà dáwọ́ dúró? Wọn á ní èmi ni ọ̀tá. Mo rò pé díẹ̀ ni, pé kò ní ṣe nǹkan. Lẹ́yìn náà... ẹ̀rù bà mí."

"Èyí tí o fi dákẹ́ níbi àdúrà, mo lè gbọ́. Èyí tí o fi pa irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó fi sùn sí àtìmọ́lé ńkọ́? Dìde, o máa bá mi lọ."

Ohùn ìyá jáde bí òwú. "Ọmọ mi, ṣé àdúrà mi ló ṣe é?"

Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. "Rárá, Màmá. Àdúrà kọ́. Òróró ni, òróró kò sì mọ àdúrà yàtọ̀ sí ọbẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ló dákẹ́."

Ìyá ní àfi kí òun tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún Ilésanmí. Bàbá náà sáré dì í mú.

"Èèwọ̀! Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ìyá yọ ìgò òróró jáde. "Mo fẹ́ súre fún ọ, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí báyìí."

Ilésanmí ṣí fìlà, ó tẹrí wálẹ̀.

"Orí rèé, Màmá. Ẹ dà á síbẹ̀. Orí ò ní bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọmọ yín."