Bàtà Inú Ilé

Aurélie bọ́ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ulrich náà bọ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ lásán wọ yàrá àlejò, wọ́n jókòó sídìí tábìlì tí ìwé kún orí rẹ̀. Laure tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń kọjá ni ipasẹ̀ erùpẹ̀ pupa ń hàn lórí ilẹ̀ funfun náà. Ìyá rẹ̀, Àríkẹ́, dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì nu ipasẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Laure, tìẹ mà dára o," Aurélie sọ bó ṣe ń ṣí ìwé. "Àwa ń bọ́ bàtà, ìwọ ń wọ tìẹ, Màmá tún ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ulrich rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, torí BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ti ń sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n Laure kò gbọ́ ohun púpọ̀ nínú ìṣirò ọjọ́ náà.

Kò tíì pẹ́ tí bàbá rẹ̀, Florent, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, tẹ́ kárò, ìyẹn táìlì, sí ilẹ̀ yàrá náà. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti sán káàkiri. Kárò náà funfun, ó ń dán débi pé òjìji fèrèsé ń hàn nínú rẹ̀. Inú Àríkẹ́ dùn sí i púpọ̀. Àràárọ̀ ló ń fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé bàtà wọlé mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin náà kò kàn.

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Laure ti rọ. Ibà ló ṣe é, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ náà kò ti gbé sókè dáadáa mọ́. Bó bá ń rìn, orí ọmọ ìka rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe agbẹ́sẹ̀ró fún un, ìyẹn ike líle kan tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá, tó gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ gòkè dé ìsàlẹ̀ orúnkún, tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ojúgun. Inú bàtà ló máa ń wọ̀ ọ́ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Félix, tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, ti kìlọ̀ fún un lójú ìyá rẹ̀. "Abẹ́ ike yìí ń yọ̀," ó ní. "Bàtà ló ń bá a di ilẹ̀ mú. Má ṣe fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan rìn lórí ilẹ̀ dídán. Má wọ sílípáàsì, torí yóò bọ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàtà olókùn, tó tẹ́jú, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ni kó o máa wọ̀ níta àti nínú ilé. Bí omi bá dà sílẹ̀, kí wọ́n nù ún kó o tó kọjá."

Àríkẹ́ gbọ́ ọ, ó sì gbà á. Nítorí náà ló ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má bọ́ tirẹ̀. Kò mọ̀ pé àkísà tóun ń mú kiri lẹ́yìn ọmọ náà ti ń dùn ún lọ́kàn.

Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Àríkẹ́ gbé aṣọ tó ti rán lọ fún oníbàárà kan. Laure jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó fà á kúrò lẹ́sẹ̀. Ó tún agbẹ́sẹ̀ró náà dè, ó wá fa ìbọ̀sẹ̀ funfun tó nípọn bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Ìyá ìyá rẹ̀, Ìyá Àdìjá, wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń pa ẹ̀pà tó fẹ́ fi ṣe irúgbìn. Boni ló ti wá kí wọn, oko rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

"Laure, bàtà rẹ ńkọ́?" ó bi í.

"Mo bọ́ ọ, Ìyá àgbà. Mi ò fẹ́ kí Màmá tún máa nu ilẹ̀ lẹ́yìn mi lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Ṣé bí onílé ìwòsàn ṣe wí nìyẹn?"

"Inú ilé ni mo wà. Mi ò lọ síbì kankan."

Ìyá àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Aurélie àti Ulrich dé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa bàtà. Laure fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri dé ìdí tábìlì, ó jókòó, inú rẹ̀ sì dùn. Wọ́n ka ìwé títí òùngbẹ fi gbẹ wọ́n. Ulrich fẹ́ dìde lọ bu omi.

"Jókòó," Laure sọ fún un. "Èmi ni mo nílé."

Ó fi àwo pẹrẹsẹ gbé jọ́ọ̀gì omi àti ife jáde láti ilé ìdáná. Ẹní kékeré kan tí Àríkẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ọwọ́ Laure kò ṣófo láti di ògiri mú mọ́. Ìyá àgbà rí i bó ṣe ń mì, ó dìde, ó na ọwọ́ sí i. Bí Laure ṣe tẹ ẹní náà báyìí, ẹní yọ̀, ike yọ̀ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ síwájú. Ó sọ àwo sílẹ̀, ó di ìyá àgbà mú, àwọn méjèèjì sì ṣubú papọ̀. Ọwọ́ òsì ìyá àgbà ló wà nísàlẹ̀.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó jókòó sínú omi, ó ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọwọ́ yìí ti kán," ó wí.

Ulrich sáré jáde lọ pe ọlọ́kadà. Nígbà tí Àríkẹ́ fi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi igi ìgbéró àti báńdéèjì di ọwọ́ ìyá rẹ̀, Laure sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ tó wú, Aurélie àti Ulrich sì dúró tì wọ́n. Agbẹ́sẹ̀ró rẹ̀ ti là ní gìgísẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àríkẹ́ béèrè.

Kí Laure tó la ẹnu, ìyá àgbà ti fèsì. "Omi ló dà sílẹ̀. Ojú mi ò ríran dáadáa, mo yọ̀, mo sì fa ọmọ lulẹ̀."

Aurélie wo Ulrich. Ulrich wo ilẹ̀.

Àríkẹ́ mí kanlẹ̀. "Mo mà ti ní kẹ́ ẹ máa jókòó. Bọ́wọ́ yìí bá san, a ó mú yín padà sí Boni. Ilé yìí ò bá yín lára mu mọ́."

Ìyá àgbà kò jiyàn. Ó kan fi ọwọ́ tó yè tún gèlè rẹ̀ ṣe. Laure rí i pé bóun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bá òun wí. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n dì náà.

"Màmá, kì í ṣe Ìyá àgbà. Èmi ni mo bọ́ bàtà. Èmi ni mo yọ̀ tí mo dì wọ́n mú."

"O bọ́ bàtà? Kí ló dé?"

"Torí àkísà yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn mi."

Àríkẹ́ fa àga kan, ó jókòó. "Ilẹ̀ ni mò ń nù," ó wí. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ló ń dùn."

Kò sí ẹni tó lu Laure, kò sì sí ẹni tó bú u, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò lọ lásán. Ọ̀gbẹ́ni Félix ní láti ṣe agbẹ́sẹ̀ró mìíràn, kò sì tíì parí rẹ̀ nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá abẹ́ apá tí wọ́n yá ni Laure fi lọ kọ ọ́. Abíyá rẹ̀ bó, ó máa ń pẹ́ dé ìdí tábìlì rẹ̀, kò sì parí ìṣirò. Ó yege, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló kù kó má yege. Òjò rọ̀, ìyá àgbà kò lè dá oko. Ẹ̀pà tó ti pa sílẹ̀ fún irúgbìn, jíjẹ ni wọ́n jẹ ẹ́. Oko Boni di igbó lọ́dún náà.

Nínú ilé, nǹkan yí padà. Florent kó gbogbo ẹní kéékèèké kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àríkẹ́ kò fi ọṣẹ púpọ̀ fọ ilẹ̀ mọ́. Bó bá ti fọ̀ ọ́ tán, yóò nù ún gbẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọjá títí yóò fi gbẹ. Laure fúnra rẹ̀ ló mú àbá tó dára jù wá. Ó ní kí wọ́n ra bàtà olókùn kejì fóun, alábẹ́ rọ́bà, tí kò ní tẹ ilẹ̀ ìta láé. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, yóò jókòó, yóò bọ́ ti ìta, yóò sì wọ ti inú ilé. Kò sí ipasẹ̀ pupa mọ́, kò sì sí àkísà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Aurélie bi í bóyá ojú kì í tì í pé òun nìkan ló wọ bàtà láàárín gbogbo wọn.

"Ó máa ń tì mí díẹ̀," Laure dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo ń wọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e. Ohun tí ara yín bá nílò kí ó lè dúró, ẹ má ṣe bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí ojú ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ìtìjú tẹ ilẹ̀ yíyọ̀, òun nìkan kọ́ ni yóò ṣubú. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí i náà yóò bá a ṣubú.