Ohùn Elégbè

"Tètè kọ nǹkan sí i kí ẹlòmíràn tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu," ni ọ̀rẹ́ Lámèyítọ́ wí, bí ó ti ń ki íápíìsì kan bọ̀ ọ́ létí.

Níwájú ilé ìwé ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jókòó sí, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Orin tuntun ti ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan tí gbogbo kíláàsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, etí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló fún un ní orúkọ náà, Lámèyítọ́, nítorí kò sí orin tàbí fíìmù tí kì í ní ohun tó máa sọ sí. Bí òjò bá ti ń rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin òkú nínú fíìmù, á ní kí wọ́n kọ orúkọ òjò mọ́ orúkọ àwọn òṣèré, torí ó ṣiṣẹ́ jù wọ́n lọ. Ojú ewé kan tó ṣí lórí ayélujára ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn tó ń kà á ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ ní àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì wà nílé, wọ́n jọ máa ń wo fíìmù lọ́sàn-án Sátidé, wọn a jiyàn títí ìyá wọn, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, á fi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì tí ẹ̀gbọ́n ti wá ọ̀nà orin kíkọ lọ sí ìlú ńlá. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun níbẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè pè wọ́n. Lámèyítọ́ ṣì máa ń fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri bí ó bá fẹ́ sùn, á fi ààyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí fíìmù bá dùn, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà á bàjẹ́, torí kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn.

"Mi ò tíì gbọ́ ọ tán o," ó wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń gbọ́ orin tán kó tó sọ̀rọ̀? Kọ ọ́ jàre, ọkọ̀ ń bọ̀."

Ó bá kọ ọ́: "Orin yìí dà bí aṣọ tí wọ́n rán láìwọn ẹni tó ni ín. Elégbè rẹ̀ ńkọ́? Bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù ló ń ké." Kí ọkọ̀ tó dé àdúgbò wọn, igba ènìyàn ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó ń bá ìyá rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú ni. Nígbà tí orin kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ohun èlò dákẹ́, olórin náà dákẹ́, ó wá ku ohùn obìnrin elégbè nìkan. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Lámèyítọ́ náà ti mọ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ mí díẹ̀ kó tó gòkè, bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Ohùn tí ó ti ń wá etí gbọ́ láti ọdún méjì ni.

Ó jẹ́wọ́ ohun tó kọ. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ó wí. "Ìwọ ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan ọ̀hún tán. Pè é."

Ó pè é títí, ẹ̀gbọ́n kò gbé e. Ó bá kọ ọ́ sójú ewé rẹ̀ pé òun kò gbọ́ orin náà dé ìdajì kí òun tó fi ṣẹ̀sín, àti pé kí elégbè náà dárí ji òun. Inú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dùn. "Ta ló fẹ́ wá ka ẹ̀bẹ̀?" ó wí. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kò ka ojú ewé náà mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n pè.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni mi ò ṣe sọ fún yín. Ojú ewé rẹ ni mo kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ tó jáde. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí."

Àbúrò fi etí aṣọ nu omijé.

"Ṣé o ti gbọ́ ọ tán báyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún."

"Kí lo wá rí sí i? Má purọ́ fún mi."

"Àárín rẹ̀ gùn jù. Ohùn yín sì pẹ́ kó tó dá jáde. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ lé orin náà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ìgbà wo lẹ máa wálé?"

"Mi ò tíì mọ̀, àbúrò mi."

Láti ọjọ́ yẹn, Lámèyítọ́ kì í sọ̀rọ̀ lórí orin tí kò bá gbọ́ dópin. Ó ṣì ń bá olórin wíjọ́, ó ṣì ń bú fíìmù tí kò dára, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn tí a bá sì fi ṣẹ̀sín lónìí, àwọn kan wà nílé tí wọ́n ń fetí wá a.