Erùpẹ̀ Tútù Inú Yàrá Ìyá

Ojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kí ó máa bá oko rẹ̀ lọ. N kò ní bá a jiyàn, ó ti rẹ̀ mí.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni ìjọba dí odò wa láàárín òkè méjì, lẹ́yìn Ayétẹ̀. Wọ́n ní omi yóò bo abà wa, kí a kó lọ sórí òkè. Wọ́n kọ́ ilé onípáànù fún wa níbẹ̀. Ilé náà dára lójú, ṣùgbọ́n kò sí òkú kankan nínú rẹ̀. Inú yàrá ni a ń sin àgbà sí lọ́dọ̀ tiwa. Ọkọ mi, Èṣùbíyìí, wà nínú yàrá rẹ̀ lábà, ìyá rẹ̀ sì ti ń tẹ́ ẹní síbẹ̀ sùn láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Bí ìdílé bá ń ṣí lọ, tí wọn kò lè hú òkú, erùpẹ̀ orí oórì ni wọ́n ń bù, wọn a rì í mọ́lẹ̀ yàrá tuntun. Gbígbẹ ni wọ́n ń bù ú. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ní kí a kọ́kọ́ wa iṣu wa tán, omi kò sì dúró de iṣu. Nígbà tí Dàda, àbúrò ọkọ mi, máa fi wọ yàrá náà, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ ni ó bù wá nínú agbọ̀n, ó ń kán tó tó tó lójú ọ̀nà.

"Dàda, omi lo bù yìí," ni Ìyá ọkọ mi wí.

"Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyẹn, Ìyá."

A rì í bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ yàrá Ìyá nínú ilé tuntun.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti dí odò, ilẹ̀ odò gbẹ, ó sán. Lápá òkè ibi tí wọ́n dí i, omi dúró sójú kan, ó di àwọ̀ ewé, ẹja ń léfòó. Àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ síbẹ̀ ń rùn, àwọn ará Ìgbó-Ọrà kò ra làfún wa mọ́. Orí òkè wa gbẹ táútáú, àfi yàrá Ìyá.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọwọ̀. Dàda ló kọ́kọ́ fura. Bí omi tí wọ́n dí bá pọ̀ sí i, ọ̀rinrin yàrá á sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀, á fà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ sóko, mo máa ń gbọ́ ìró omi tó rọra ń lu ògiri. Lọ́jọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá nìkan ló wà lórí ẹní, ó ń tẹ́tí.

Ẹ̀rù bà mí. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ti bímọ ní Èrúwà, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. N kò fẹ́ ohun mìíràn láyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Èrúwà."

"Kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ta ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ń wú."

"Jẹ́ kó wú. Ọjọ́ tí ẹ bá sin mí tán, kí o máa lọ bá ọmọ rẹ."

Òjò àkọ́rọ̀ ni Ìyá kú sí. Dàda àti Àkànó, aládùúgbò wa, gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ri erùpẹ̀ náà sí. Àpáta ni orí òkè yẹn. Bí o bá gbẹ́ ẹ dé orúnkún, ọkọ́ á dún. Níbẹ̀, ọkọ́ kò dún. Ó ń wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Koríko odò ń jáde, àti ìkarahun kéékèèké. Dàda dúró.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wò ó."

Mo wò ó. Aṣọ funfun ni. Wọ́n fi àjákù àdìrẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ara ìró mi ni mo ti ya àdìrẹ náà lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi. Ẹnikẹ́ni kò gbé òkú rẹ̀ wá láti abà.

"Kí la ó ṣe?" ni Dàda bi mí.

"Ẹ tẹ́ Ìyá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Wọ́n tẹ́ ẹ. Ihò ẹnì kan ni wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá wọ ibẹ̀ tán, àyè ẹnì kan ṣì wà ní apá kejì ọkọ mi. A kó erùpẹ̀ bò ó.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ilẹ̀ yàrá ti gbẹ, àfi apá kejì yẹn. Ó gùn tó ènìyàn tó nà gbalaja. Mo di ẹrù mi. Mọ́tò Èrúwà dé, awakọ̀ fọn fèrè, mo gbọ́. Oòrùn mú níta, ilẹ̀ náà sì tutù. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ná. Ó fọn fèrè títí, ó lọ.

Dàda ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n dìde kúrò níbẹ̀. Mo ń dá a lóhùn. Èrúwà kò kúkú jìnnà. Bí ara bá tù mí, n ó lọ.